Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Lórí Fáànù Ọkọ̀ tí Wọ́n ń Dárẹ́ẹ̀tì

 

Ìjà ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá jà, àti àṣà tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni dárẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tí ó ti gbó díẹ̀ ní Èkó yìí yóò ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹni tí ó ni ín gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ rewáyà, rewáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gé wáyà méjì, ó so wọ́n pọ̀, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó sì wí pé: "Ẹ má ṣèyọnu mọ́, sà. Mo ti dárẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Oníbàárà dúpẹ́, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà lọ, fáànù ọkọ̀ yẹn kò ní sinmi mọ́. Bí wọ́n bá ti tan ọkọ̀ ni yóò ti máa yí, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù, nínú òjò, àti lórí eré gbogbo.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: dárẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àtúnṣe. Pípa ni wọ́n ń pa ohun tí ń ronú nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń gba owó ìwòsàn lórí òkú. Àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ríléè fáànù bá jó, èyí tí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ ni à ń fi rọ́pò rẹ̀. A kì í torí rẹ̀ sọ pé ríléè kò wúlò mọ́. Mo sì fẹ́ fi kún un pé ìdí tí àṣà yìí fi gbilẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ èdè, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ojú iṣẹ́ tèmi. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí rewáyà fún un kò sí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ẹnu rewáyà, ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ ni, ó sì ń tẹ̀lé òfin gírámà Yorùbá láìṣìnà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "mo dárẹ́ẹ̀tì rẹ̀", gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé "mo rántí rẹ̀" tàbí "mo gbàgbé rẹ̀", nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà gùn ju sílébù kan lọ. Wọ́n tún ń ṣe àpètúnpè rẹ̀, wọ́n ní "dídárẹ́ẹ̀tì ló dáa jù". Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò jókòó ní kíláàsì gírámà rí ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èdè Yorùbá ti kú ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Èdè wà níbẹ̀, ó sì ń bímọ. Ìmọ̀ ni kò bá a wọlé.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kí a yọ gbogbo ohun tí ó wà láàárín orísun agbára àti ẹni tí ń lo agbára kúrò. Ìyẹn ni pé kí a lé alárinà lọ. Ẹ ó sì gbà pẹ̀lú mi pé nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó bá lé alárinà lọ ti ń wá wàhálà.

KÍ NI IṢẸ́ RÍLÉÈ?

Ẹ́ńjìnnì tí a ń fi omi tù lára máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ nígbà tí omi inú rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí 90°C. Thermostat ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà omi yìí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ti ilẹ̀kùn. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí 82°C tàbí 88°C, bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti rí, ó ṣí i kí omi lè lọ tutù nínú radiétọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó láti tu radiétọ̀ lára. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan ní ìyípo Ìkòtún, tí kò sí atẹ́gùn kankan, omi yóò gbóná kọjá ààlà, ṣíwíìṣì kékeré kan tí ń wọn ooru yóò sì pe fáànù síṣẹ́. Bí ooru bá rọlẹ̀, yóò ní kí fáànù lọ sinmi.

Fáànù yìí lágbára púpọ̀. Òmíràn ń jẹ iná amp 10, òmíràn 20, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgbà tí ó bá ń ti ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ohun tí ó ń jẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣíwíìṣì kékeré tí ń wọn ooru kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ibí ni ríléè ti wọlé.

Ẹ rántí ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́. Aláàfin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí gbogbo ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlàrí ni ó ń rán. Ọ̀rọ̀ tí ọba sọ lè má ju gbólóhùn kan lọ, ohùn rẹ̀ sì lè máà jáde sí ìta ààfin, ṣùgbọ́n bí ìlàrí bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnubodè, ẹnubodè yóò ṣí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ríléè rí. Nínú àpótí kékeré náà ni wọ́n ti wé wáyà tín-ín-rín yí irin ká. Bí iná kékeré, tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún amp kan lọ, bá gba inú wáyà náà kọjá, irin náà di òòfà. Òòfà fa ahọ́n irin kan mọ́ra, ahọ́n náà kan ojú irin kejì, iná ńlá sì gba ibẹ̀ kọjá láti bátìrì lọ sí fáànù. Bí iná kékeré bá dáwọ́ dúró, agbára òòfà tán, sípíríǹgì dá ahọ́n padà, fáànù dákẹ́. Kò sí idán níbẹ̀. Joseph Henry ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1835, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n sì fi gbé ìròyìn orí wáyà tẹligíráàfù dé ọ̀nà jíjìn.

Lára ríléè ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà tí àwọn ará Jámánì fi lélẹ̀. Ẹsẹ̀ 30 ni iná ńlá ń gbà wọlé láti bátìrì. Ẹsẹ̀ 87 ni ó ń gbà jáde lọ sí fáànù. Ẹsẹ̀ 85 àti 86 ni orí méjèèjì wáyà tín-ín-rín náà. Ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo bi yín: yàtọ̀ sí orúkọ mélòó kan tí a yá, ibo ni mo ti sá wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kí àlàyé yìí tó yé yín?

OHUN TÍ DÁRẸ́Ẹ̀TÌ Ń BÀJẸ́

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dárẹ́ẹ̀tì pọ̀. Àwọn kan a gba iná fáànù láti ibi tí a ti ń fi kọ́kọ́rọ́ tan ọkọ̀. Àwọn kan a fi ṣíwíìṣì iná ilé, èyí tí a fi ń pa gílóòbù yàrá, sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run a yọ fíúsì sọnù, wọn a sì fi ẹyọ wáyà kan dí ojú rẹ̀.

Mo ní Toyota Celica àtijọ́ kan, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń pè ní spọ́ọ̀tì. Mo gbé e lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, pé kí wọ́n bá mi pààrọ̀ bíréèkì. Bíréèkì ni mo sanwó fún. Wọ́n fi fáànù dárẹ́ẹ̀tì ṣe ẹ̀bùn lé e lórí láìjẹ́ kí n mọ̀. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ti gba iná náà. Láàárín oṣù mélòó kan, ike ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ yọ́, òórùn ike jíjó gba inú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ sì kú sí àárín títì. Ṣíwíìṣì kọ́kọ́rọ́ tuntun, wáyà tuntun àti owó iṣẹ́ ju iye ríléè kan lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é o!

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré, nítorí ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Ká ní wáyà àtijọ́ tí ó ti dípẹtà ní ìdíwọ́ tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm kan lọ. Bí amp 20 bá gba ibẹ̀ kọjá, volt 2 ti sọnù sójú ọ̀nà. Fáànù tí ó yẹ kí ó gba volt 13 ń gba 11, kò sì ní lè yí tó bí ó ṣe yẹ. Volt 2 ní ìlọ́po amp 20 jẹ́ watt 40, tí ó di ooru nínú wáyà àti ike. Watt 40 ni agbára irin gbígbóná tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé! Ẹ fojú inú wo irin bẹ́ẹ̀ tí a tì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí a wá ń wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn.

Ti owó ńkọ́? Fáànù tí ń jẹ amp 20 ń gba tó watt 270 lọ́wọ́ alternator láti àárọ̀ títí di alẹ́, epo ni ó sì ń san gbèsè náà. Búrọ́ọ̀ṣì inú fáànù ń jẹ láìdúró. Bí òjò bá rọ̀ tí omi gba títì, fáànù tí ríléè ń darí lè ti wà ní ìsinmi, ṣùgbọ́n fáànù dárẹ́ẹ̀tì yóò máa gbá omi bí ẹni ń wẹ̀ nínú odò, títí abẹ́ rẹ̀ kan yóò fi dá, tí yóò sì gún radiétọ̀.

ÀWÁWÍ MẸ́TA

Èkíní: "Ojú ọjọ́ wa gbóná, a ò nílò gbogbo ìyẹn níbí." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń yọ thermostat sọnù pẹ̀lú. N kò ní sẹ́ pé ooru Èkó ń dín agbára radiétọ̀ kù. Radiétọ̀ ń fi ooru fún atẹ́gùn, bí atẹ́gùn bá sì ti gbóná tó ni iṣẹ́ náà ń le tó. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn ń béèrè ni fáànù tí ó lágbára, wáyà tí ó nípọn àti radiétọ̀ tí inú rẹ̀ mọ́. Àwọn tòkunbọ̀ tí a ń rà ń bẹ ní Arizona àti Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti ń kọjá 40°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ ìlú Dubai pẹ̀lú ní thermostat, ó sì ní ríléè. Ṣé ooru Ìgàndó ju ti aṣálẹ̀ lọ ni?

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat, tí fáànù rẹ̀ sì ń yí láìdúró, kì í tètè gbóná dé ibi tí ó yẹ. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò rò pé òwúrọ̀ ni, yóò sì máa da epo kún epo. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan kò tó ₦200 ní Èkó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti kọjá ₦450, kò sì tíì padà sí ibi tí ó ti wá. Ta ni ó wá lówó láti máa fi epo ṣeré?

Èkejì: "Ríléè kì í pẹ́, ó máa ń jó." Òótọ́ ni pé ríléè ń jó. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń jó o? Ríléè ayédèrú ni, tàbí ríléè amp 20 tí a gbé ẹrù amp 25 lé lórí, tàbí wáyà ilẹ̀ tí ó ti dípẹtà, tàbí fáànù tí ó ti gbó tí ó ń fi ipá yí. Ríléè tí ó jó ń jẹ́ iṣẹ́ fún wa ni, ó ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe wáyà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ẹ̀kẹta: "Oníbàárà kò fẹ́ sanwó." Àwa tí a ni ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ó sì bá wa wí gidi. A ó na owó ńlá lórí rédíò àti táyà fífẹ̀, ṣùgbọ́n bí rewáyà bá dárúkọ iye ríléè, wáyà àti fíúsì, a ó máa ná an bí ẹni ń ná tòmátò ní ọjà Ìkòtún. Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò gbọdọ̀ ráhùn pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe fún òun.

NÍBO NI ÀṢÀ YÌÍ TI WÁ?

Mo rò pé ìtàn ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ọkọ̀ Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà fi kọ́ṣẹ́. Ìjàpá kò ní omi, kò ní radiétọ̀. Bẹ́líìtì ni ó ń yí fáànù rẹ̀, kò sì ń dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ Ìjàpá pàápàá ní thermostat tí ń ṣí ilẹ̀kùn atẹ́gùn, tí ó sì ń tì í. Ní Kàdúná, ní ọdún 1975 kan náà, Peugeot 504 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òòfà iná ni ó ń mú fáànù tirẹ̀, tí ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ bí omi bá tutù. Nítorí náà, fáànù tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun sinmi ti wà ní ojú títì wa láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó lè pè é ní àjèjì.

ÀTÚNṢE TÍ Ó YẸ FÚN ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní Celica, Prelude tàbí BMW tí ó ti lé ní ogún ọdún, wáyà fáànù yín ti darúgbó. Kò tó kí ẹ kan pààrọ̀ ríléè pẹ̀lú irú èyí tí ó jó. Ẹ mú un lágbára sí i. Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ rewáyà yín:

1. Ríléè amp 40 tí kì í ṣe ayédèrú, pẹ̀lú ìdúró rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa lọ́ wáyà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí fáànù bá jẹ́ méjì, kí ríléè jẹ́ méjì. Ní ọjà Ládìípọ̀ ní Múṣin, ríléè tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ Japan sàn ju tuntun tí kò ní orúkọ lọ.

2. Wáyà tuntun tí ó nípọn tó 4 mm² láti bátìrì wá sí ẹsẹ̀ 30, àti láti ẹsẹ̀ 87 lọ sí fáànù.

3. Fíúsì amp 30 ní ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe ní ìdí fáànù. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò. Bí wáyà bá fara kan irin kí ó tó dé ìdí fíúsì, fíúsì kò wúlò.

4. Wáyà ilẹ̀ tuntun, kí wọ́n sì ha ọ̀dà kúrò lára irin níbi tí wọ́n bá dè é mọ́.

5. Kí ṣíwíìṣì tí ń wọn ooru wà níbi tí ó wà, kí ó máa darí ẹsẹ̀ 85 àti 86. Òun ni ọba. Ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ lóyè.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ní ọ̀pọ̀ Toyota ti àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà yí ọgbọ́n yìí po. Ẹnu ríléè fáànù wọn máa ń wà ní pípadé nígbà tí kò bá sí iná nínú wáyà tín-ín-rín. Nígbà tí omi bá tutù, ṣíwíìṣì ooru ń jẹ́ kí iná kékeré kọjá, òòfà ń ya ẹnu ríléè, fáànù ń sinmi. Bí omi bá gbóná, ṣíwíìṣì yóò yà, agbára òòfà yóò tán, fáànù yóò yí. Kí ni ète wọn? Pé bí wáyà ṣíwíìṣì ooru bá já lójú ọ̀nà, fáànù yóò máa yí, ẹ́ńjìnnì kò sì ní jó. Wọ́n ti ro ti ọjọ́ burúkú mọ́ ọn.

Bí rewáyà tí kò mọ èyí bá wá fi ríléè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, fáànù yóò máa yí nígbà tí ọkọ̀ tutù, yóò sì dákẹ́ nígbà tí ó bá gbóná. Rewáyà yóò yọwọ́, yóò ní ríléè Toyota kò dára, yóò sì dárẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ríléè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó yẹ kí ó lò, kí ó so fáànù mọ́ ẹsẹ̀ 87a, èyí tí ó máa ń wà ní pípadé. Kí ó sì wo iye amp tí wọ́n kọ fún 87a, nítorí ó sábà máa ń kéré sí ti 87.

ẸJỌ́ TA NI?

Wàyí o, ẹ má ṣe rò pé àwọn rewáyà ni mo wá bú. Lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi yọ́, rewáyà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni ó bá mi tún un ṣe. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mú bírò, mo ya ríléè sórí páálí, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní Yorùbá bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Kò gbà wá ju ìlàjì wákàtí lọ. Ó wo páálí náà, ó ní: "Dọ́kítà, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi báyìí rí. Ọ̀gá mi kàn ní kí n máa so ó báyìí ni." Ó pe àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún wọn. Ó sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.

Ẹ wò ó, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó gba fìrídọ́ọ̀mù. Ojú ni ó fi ń kọ́ṣẹ́. Ìwé tí ó lè kà ní èdè tí ó gbọ́ kò sí lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ó mọ "so ó báyìí" tí kò mọ "ìdí tí a fi ń so ó báyìí", bí ohun tí ó mọ̀ bá ti bàjẹ́, dárẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó kù fún un.

Àwọn baba wa kò kọ́ iṣẹ́ irin bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní orúkọ fún ẹwìrì, fún owú, fún ẹ̀mú. Ọmọ tí ń fẹ́ ẹwìrì mọ ìgbà tí iná ń béèrè atẹ́gùn àti ìgbà tí ó ti tó, nítorí pé èdè tí ó fi ń jẹun ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ.

Àwa ọ̀mọ̀wé ni ẹjọ́ yìí kàn jù. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú Èdè-Ìperí Yorùbá, iṣẹ́ ńlá tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ láti fi sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀ láìya èdè Gẹ̀ẹ́sì lò ní gbogbo ìgbà. Mo ń jẹ nínú iṣẹ́ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọdún, a lè pín sílébù sí wẹ́wẹ́ ní Yorùbá, ọ̀pọ̀ wa kò sì lè sọ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ìdí tí fíúsì fi ń já. Kì í ṣe orúkọ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ríléè ti di Yorùbá, kí ó máa jẹ́ ríléè. Àlàyé ni ó ṣọ̀wọ́n, a kò sì nílò ìgbìmọ̀ kankan kí a tó ṣe àlàyé.

Ẹ má sì dúró de ìjọba. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí, ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò kẹ́yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì í. Ilẹ̀kùn wọ́kíṣọ́ọ̀bù kò ní kọ́kọ́rọ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sí mínísítà tí ó lè fagi lé e.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin onímọ́tò, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dárẹ́ẹ̀tì fáànù yín, ẹ kọ̀. Ẹ béèrè fún ríléè, fíúsì àti wáyà tí ó nípọn, kí ẹ sì san owó rẹ̀ láìráhùn. Ẹ̀yin ọ̀gá rewáyà, ẹ ṣàlàyé ìdí fún ọmọṣẹ́ yín kí ẹ tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, pàápàá jù lọ ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ kọ ojú ìwé méjì péré ní èdè wa lórí ohun kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí ó sún mọ́ ilé yín jù. Èmi ti lẹ ti ríléè mọ́ ògiri kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ṣe àdàkọ rẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀.

Ó di ìgbà mìíràn o. Kí Ògún má ṣe fi ọkọ̀ wa ṣe ẹbọ. Ire o!